Ẹni Tó Dúró Láàárín

Ojú ń tì mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí mò ń yí ọ̀rọ̀ po níbì kan, ẹ mọ̀ pé ibi tó ń dùn mí gan-an ni mo dé yẹn. Èmi kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń há sí lọ́fun. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ẹnu mi mú bí abẹ, pé ọkùnrin tó bá fẹ́ mi yóò fojú winá. Ọkùnrin náà ti fẹ́ mi, kò sì kú. Àmọ́ gbólóhùn méjì kan wà tí mo kọ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí ẹnu mi tó mú náà kò tíì rí tún ṣe títí di òní.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀yọ́ ni mo ti lọ sí iléèwé àwọn olùkọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì kà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé Èkó, mo lọ mo bọ̀ ní Aláúsá títí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi ń kí mi bí ẹni ń kí òṣìṣẹ́, iṣẹ́ kò jáde. Aládùúgbò wa kan ní Agége ló sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ kan lápá Ọ̀gbà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ń wá ẹni tó mọ̀wé. Mo ní kí n máa ṣe é ná. "Ná" yẹn ti di ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n fi mí ṣe sùpáfáísọ̀ lórí ẹ̀rọ mẹ́rin àti obìnrin mẹ́sàn-án, mo sì ń pariwo lé wọn lórí bí ẹni pé èmi ni mo ni ilé iṣẹ́.

Màmá wà lára àwọn mẹ́sàn-án náà. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, torí àwọn ló dàgbà jù níbẹ̀. Ọmọ wọn àkọ́bí jù mí lọ. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù àwo rí ní Agége kó tó di pé wọ́n wó o nítorí ọ̀nà. Ọdún keje wọn nìyẹn lọ́dọ̀ wa nígbà náà, káṣúà sì ni wọ́n, ìyẹn ẹni tí géètìmáànù lè dá padà láàárọ̀ pé iṣẹ́ kò sí, kò sí ẹjọ́, kò sí àròyé. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá ń wá ni kí ilé iṣẹ́ gbà wọ́n wọlé pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má lè dá wọn padà lẹ́nu géètì mọ́.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá lẹ ìwé mọ́ ògiri. Wọ́n ní àwọn máa mú káṣúà márùn-ún wọlé, àwọn tó bá lè ka òfin ẹ̀rọ, tí wọ́n sì lè kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Màmá wá bá mi níbi tí mo ti ń bu omi mu.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ṣé orí mi ṣì lè gbà á?"

Mo ní, "Màmá, orí tó fi ọdún gbọọrọ ta àwo ní Agége tí ẹnikẹ́ni kò rí i rẹ́ jẹ, kí ló kù tí kò lè gbà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bí kíláàsì wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán la máa ń ṣe é, lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn páálí ni bọ́ọ̀dù mi, máákà tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sára ẹrù ni mo sì fi ń kọ̀wé. Èèyàn mẹ́rin la kọ́kọ́ jẹ́. Kò pẹ́, a di mọ́kànlá. Màmá ló máa ń jókòó níwájú. Wọ́n á ti sáré jẹun tán, wọ́n á nu ọwọ́ mọ́ ófàróòlù, wọ́n á sì gbé ìwé lé orúnkún.

Ibi tó le fún wọn jù ni ibi tí ẹnìkan ti ń mú ẹlòmíràn ṣe nǹkan. Lédè tiwa, "kí" ló ń gbà wá: ó ní kí n lọ, ó fẹ́ kí n lọ, ó jẹ́ kí n lọ, ó mú kí n lọ. "Kí" kan náà ló ń sin gbogbo wọn délé. Ti òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. "He told me to go," "to" wà níbẹ̀. "He wants me to go," ó ṣì wà níbẹ̀. Ó wá di "he made me go," "he let me go," "he saw me go," "to" ti sá lọ. Wọ́n bi mí pé kí ló lé e. Mo ní kí wọ́n má dà mí láàmú o, èmi kọ́ ni mo bí òyìnbó.

Nígbà tí mo rí i pé àlàyé ẹnu kò ràn án, mo ní kí wọ́n dìde. Mo mú èèyàn méjì àti ìgbálẹ̀ kan. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀gá, ìgbálẹ̀ ni iṣẹ́, ẹni tó dúró láàárín ni "me" tàbí "him" tàbí "her." Bó bá jẹ́ "made" ni mo pè, ọ̀gá á ti ẹni àárín lẹ́yìn títí á fi gbá ìgbálẹ̀ mú. Bó bá jẹ́ "told," á na ìka sí ìgbálẹ̀, á sì dijú mágbárí. Bó bá jẹ́ "let," á yà lọ́nà fún un. Bó bá jẹ́ "saw," ọ̀gá á káwọ́ lẹ́rán, á kàn máa wo ẹni àárín níran bó ṣe ń gbálẹ̀. Ẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ náà! Àwọn dírẹ́bà tó ń dúró de ẹrù bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn wá ń wò wá.

Màmá kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn dúró láàárín. "Èmi ni *me*, èmi ni *her*," ni wọ́n máa ń wí, "ẹ tì mí, ó ti mọ́ mi lára."

Mo wá dúró gangan níwájú páálí mi, mo ní: "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni àárín náà ló ń gbálẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ ẹni tí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. 'Made' àti 'told,' ọ̀gá lẹ máa mú. 'Saw,' ọ̀gá kò mọ nǹkan kan, ojú lásán ló fi rí i." Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn gooro. Màmá kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ní Yorùbá lápá kan, ní Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá dán wọn wò tán, tí orúkọ márùn-ún jáde, ti Màmá ló ṣìkẹta. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, èmi ọmọ àná, mo yára gbá wọn mú lápá. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé ìgbaniwọlé. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ọjọ́ Àlàmísì kan nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà ni ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ti dúró lẹ́yìn, mánéjà sì ti pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló ń dá wa dúró. Mánéjà wa kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ mo mọ ìgbà tí èèyàn bá ń bú mi ní èdè yòówù. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rá há sínú ẹ̀rọ Màmá. Ẹ̀rọ náà ní irin gbígbóná kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lu ọ̀rá kó lè lẹ̀ pọ̀. Òfin rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ, ó wà lára ògiri: bí ọ̀rá bá há, pa ẹ̀rọ, bí o bá pa á tán, pe ẹńjiníà. Ẹńjiníà ti lọ sí ilé kejì. Tí a bá sì pa ẹ̀rọ, irin á tutù, ó máa tó ìdajì wákàtí kó tó tún gbóná.

Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi fà á jáde."

Wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Mo ní, "Ẹ má pa á! Ẹ kàn fà á kíá."

Wọ́n wojú mi. "Tíṣà, òfin ní ká pa á."

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo kọ́ yín ní òfin yẹn, àbí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi?"

Wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, irin sì sọ̀ kalẹ̀ lé ọwọ́ ọ̀tún wọn, lórí ìka méjì. "Yéè! Mo kú o!" ni wọ́n kígbe. Òórùn tó jáde, mi ò ní sọ ọ́. Ariwo ẹ̀rọ tó kù pọ̀ débi pé kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ohun tí a jọ sọ kó tó ṣẹlẹ̀. Igbe Màmá nìkan ni wọ́n gbọ́.

Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Jímọ̀, wọ́n ní kí Màmá wá, kí wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n dé tàwọn ti báńdéèjì tó wú bí ẹ̀kọ, ojú wọn ti wọ inú. Obìnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ pe àwa méjèèjì. Kì í ṣe Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wa sọ. Ó ní ẹni tó fara pa gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kó sì fọwọ́ sí i. Ó ní nígbà tí ọwọ́ Màmá kò lè kọ̀wé, ta ni wọ́n fẹ́ kó bá wọn kọ ọ́? Màmá nawọ́ sí mi. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Obìnrin náà fún wa ní fọ́ọ̀mù méjì, pé bóyá a lè ba ọ̀kan jẹ́. Ó ní kí n gbé e wá ní Mọ́ńdè. Ó wá ṣàlàyé ohun tó wà nídìí rẹ̀: bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àìbìkítà nìyẹn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ló pa á láṣẹ, ọ̀gá náà á lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ti gbọ́ ọ.

A lọ jókòó sí ibi tí a ti ń jẹun. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ wọn lé orí tábìlì, wọ́n rọra ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n ní:

"Kọ ọ́ pé sùpáfáísọ̀ mi ló ní kí n yọ ọ̀rá láì pa ẹ̀rọ. Kí o wá fi sí i pé mánéjà ti ń lé òun náà kiri láti àárọ̀, pé kì í ṣe èèyàn burúkú. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má lé e. Kí wọ́n bá a wí ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Tíṣà. Èmi náà á lọ bá wọn bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ."

Nítorí mi! Ẹni tí ìka rẹ̀ jóná ló fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ fún mi. Ọkọ mi ti wà nílé láìníṣẹ́ láti oṣù kẹta, ọmọ méjì ń bẹ níléèwé, mi ò sì fẹ́ padà lọ bẹ ẹnikẹ́ni ní Aláúsá. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tó wà lọ́kàn mi ni, kì í ṣe kí ẹ lè dá mi láre. Mo gbé báírò, mo kọ ọ́ ní kedere, lẹ́tà mi dára:

"My supervisor saw me put my hand inside the machine. She told me to stop."

Ohun tó tún ń bà mí nínú jẹ́ ni pé mi ò pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Mo wá kà á fún Màmá ní Yorùbá. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n kọ, ketekete, mo ka ti mánéjà, mo ka ti ẹ̀bẹ̀, kí wọ́n má lé e, kí wọ́n bá a wí. Gbólóhùn méjì péré ló wà lórí ìwé, èmi sì ń kà á lọ bí ẹni ń ka lẹ́tà olójú-ìwé mẹ́ta. Mo sọ fún ara mi pé ìrora kò ní jẹ́ kí wọ́n fojú sí ìwé.

Màmá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò ó pẹ́. Ètè wọn ń mì. Mo rò pé nítorí ọwọ́ tó ń ro wọ́n ni. Wọ́n gbé báírò sí ọwọ́ òsì, wọ́n rọra kọ orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀, ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Wọ́n wá ní:

"Ó ku ọ̀kan, àbí?"

"Kí ni, Màmá?"

"Fọ́ọ̀mù. Ṣèbí méjì ni wọ́n fún wa. Mú un wá, kí n fọwọ́ sí òun náà. Bóyá wàá fẹ́ tún un kọ nílé."

Wọ́n fọwọ́ sí òfìfo ìwé. Èmi sì jókòó síbẹ̀, mò ń sọ nínú ọkàn mi pé ẹ wo màmá aláìmọ̀kan yìí, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú. Mo fi àwọn méjèèjì sínú báàgì mi, mo sì bá Màmá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Mi ò gbádùn ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ Sátidé, mo fọ aṣọ tó mọ́, mo tún fọ èyí tí kò tíì dọ̀tí. Ọkọ mi bi mí pé kí ló ṣe mí, mo jágbe mọ́ ọn. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, a lọ sí àsàlátù, àáfà ń wàásù, mi ò mọ ohun tó sọ. Báàgì mi wà lẹ́sẹ̀ mi, fọ́ọ̀mù méjì sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo yọ òfìfo náà jáde. Mo kọ "My supervisor" sí i pẹ̀lú pẹ́ńsù. Mo jókòó tì í títí ẹ̀wà fi jóná lórí iná. Nígbà tí mo gbọ́ òórùn rẹ̀, inú bí mi, kì í sì í ṣe sí ara mi. Màmá ni mo ń bínú sí! Mo ní kí ló dé tí wọn ò yára fa ọwọ́ wọn? Ṣé àwọn àgbà kì í rọra ṣe ni? Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo ká fọ́ọ̀mù náà, mo fi sí abẹ́ àwọn aṣọ mi.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé ti àkọ́kọ́ lọ.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí orúkọ Màmá fi kúrò lára ògiri. Géètìmáànù ló dá wọn dúró nígbà tí wọ́n padà wá, pé ọ̀gá ní kí wọ́n máa sinmi. Mo wà lókè níbi tí mo ti ń rí géètì. Mo rí bí Màmá ṣe ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tó ní báńdéèjì ṣàpèjúwe nǹkan kan, tí géètìmáànù ń mi orí. Mo lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni. Mi ò sọ̀ kalẹ̀.

Ti pé wọ́n lé Màmá kọ́ ló parí ẹ̀. Obìnrin tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ pè mí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo kọ̀wé tó yéni. Ó ní ilé iṣẹ́ fẹ́ kí n máa kọ́ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ní òfin ẹ̀rọ lóṣooṣù, kí n sì máa fi ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ gbà mí! Mo sì ṣe é. Mo dúró níwájú èèyàn tó lé ní ọgọ́ta, mo ní, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aláìbìkítà. Mo ṣe é ní oṣù àkọ́kọ́, mo ṣe é ní ìkejì, mo ṣe é ní ìkẹta.

Ní oṣù kẹrin, obìnrin tuntun kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí ẹni tó sọ fún màmá náà pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ ni?"

Mo ní, "A sọ fún un. Kò gbọ́ ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo gbọ́ ara mi. A sọ fún *un*. *Kò* gbọ́. Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ, ẹni tí mi ò pè ní "ó" rí, mo dúró níwájú àjèjì, mo sọ wọ́n di ẹgbẹ́ mi. Irọ́ tí mo pa kò tó, mo tún fi àìbọ̀wọ̀ fágbà lé e. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní kí wọ́n máa lọ sídìí iṣẹ́ wọn, mo lọ tilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ mọ́ ara mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo lọ sí ilé Màmá ní Òrílẹ̀ Agége. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n pàtẹ ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé sórí tábìlì kékeré kan. Oníbàárà kan wà níbẹ̀. Màmá fi eyín fa ẹnu ọ̀rá kí wọ́n tó lè so ó, torí ìka méjì yẹn kò ká mọ́. Nígbà tí wọ́n rí mi, ojú wọn tàn.

"Tíṣà! Ìwọ rèé! Wọlé, jẹ́ kí n fún ẹ lómi."

Mi ò gba omi. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ foríjì mí. Ohun tí mo kà fún yín lọ́jọ́sí kọ́ ni mo kọ. Mo kọ ọ́ pé…"

"My supervisor saw me put my hand inside the machine," ni Màmá wí. "She told me to stop."

Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu Ìjẹ̀bú wọn, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ wọn gan-an ni wọ́n ṣe pè é.

Mo ní, "Màmá, ẹ ti kà á? Lọ́jọ́ yẹn? Kí ló dé tí ẹ fọwọ́ sí i?"

Màmá ń to ìbọ̀sẹ̀ wọn, funfun sọ́tọ̀, búlúù sọ́tọ̀. Wọ́n ní, "Tí mo bá sọ ọ́ síbẹ̀, ojú á tì ẹ́. Tíṣà mi ni ẹ́. Mo ní kí n fún ẹ láyè, wàá gbé e délé, wàá rò ó, wàá fi ìkejì ṣe é dáadáa. Jímọ̀, Sátidé, Sọ́ńdè. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta tó fún ọmọ gidi láti ronú."

Mo bú sẹ́kún. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo ní kí wọ́n nà mí, kí wọ́n gbé mi ṣépè. Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé èmi ni mo ní kí wọ́n má pa ẹ̀rọ, pé èmi ni mo jágbe mọ́ wọn, pé wọ́n rán mi létí òfin, mi ò gbọ́. Màmá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Inú kò bí wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò rẹ̀ mí lẹ́kún.

"Dìde," wọ́n ní. "Èmi kọ́ ló yẹ kí o máa sọ ọ́ fún. Èmi ti mọ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ni kí o lọ sọ fún."

Mo ní, "Màá lọ sọ ọ́, Màmá."

"Nígbà wo?"

"Mọ́ńdè."

Wọ́n mi orí, wọ́n sì yíjú sí oníbàárà mìíràn tó dé.

Mọ́ńdè náà dé, ó sì kọjá. Òmíràn ti dé lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn ti kọjá, mi ò ka iye wọn mọ́. Mo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kejì obìnrin náà tilẹ̀ gbójú sókè pé kí ni mo fẹ́, mo ní mo wá wo aago ni. Ohun tí mo wá rí ṣe ni èyí tí ẹ ń kà yìí. Mo jókòó, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mi ò fi ọ̀kan pe méjì: èmi ni mo ní kí wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́. Ẹ má rò pé nítorí ìfẹ́ èdè baba mi ni o. Gẹ̀ẹ́sì mi dára tó láti fi kọ ọ́. Mánéjà wa kò lè ka Yorùbá, obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì náà kò lè kà á, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé báírò.